Àpótí Tí Akunlé Kàn Fún Ìyàwó Rẹ̀

Awò awọ̀nàjíjìn náà ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta, ó ga gègèrè bíi ti ẹni tó ni ín. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin onítọ̀hún, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án àfi ìyàwó rẹ̀, òun náà ò sì fi ṣe ju pé kó nàgà, kó ju aṣọ ìnura tó tutù sí i lórí kó lè gbẹ. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi ohun ìní olóògbé wọ́lẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé láti bí oṣù mélòó kan, kò rí ìyàtọ̀ láàárín awò olówó gọbọi àti ìṣó ara ògiri.

Afọṣọ ni gbogbo ènìyàn ń pe obìnrin yìí, nítorí ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Akunlé ni wọ́n ń pe ọkọ rẹ̀, nítorí ọ̀dà kíkùn ni iṣẹ́ tiẹ̀. Ọkùnrin náà ga débi pé tó bá ń kun òkè ilẹ̀kùn, kì í wá àkàbà. Afọṣọ ní tiẹ̀ kò dé èjìká rẹ̀. Tí àwọn méjèèjì bá ń lọ lójú pópó, àwọn aládùúgbò á ní kí Akunlé máa wolẹ̀ dáadáa, kó má lọ tẹ ìyàwó rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìgbà òtútù ni Akunlé kú. Ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó jókòó sórí àga ẹnu ọ̀nà láti bọ́ bàtà, ó bọ́ ẹsẹ̀ kan, kò bọ́ èkejì. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Ìyàwó rẹ̀ wà ní ilé ìdáná nígbà náà, ó ń bá a sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ náà pẹ́ díẹ̀ kó tó fura pé òun nìkan lòun ń dá sọ.

Látọjọ́ náà, omijé kò bọ́ lójú Afọṣọ. Àwọn ènìyàn dé, wọ́n ké, wọ́n gbá a mọ́ra, òun ń wá ibi ìjókòó fún wọn. Wọ́n bi í pé báwo ló ṣe ń ṣe sí, ó ní dáadáa ni. Gbogbo ara rẹ̀ kú bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn jókòó lé lórí: ó mọ̀ pé ara òun ni, ó ń fojú rí i, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n lára. Ó tètè padà sẹ́nu iṣẹ́. Òun àti Ìyá Ìbejì ló máa ń ká aṣọ ibùsùn níbẹ̀. Oníkálukú á di etí aṣọ méjì mú, wọ́n á fà á kó le, wọ́n á rìn pàdé ara wọn, wọ́n á pa etí rẹ̀ pọ̀, wọ́n á tún padà sẹ́yìn. Ìyá Ìbejì ló ń da omijé sórí aṣọ náà. Afọṣọ ń sọ fún un pé kó rọra, pé aṣọ tí wọ́n ti lọ̀ tán nìyẹn.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ lókèèrè, máa ń pè é lórí fóònù.

"Màámi, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Kí lẹ jẹ?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń há sí i lẹ́nu, nítorí kò ní rántí.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù, kò sì sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni. Ó ń rò ó pé bóyá òun ò tilẹ̀ fẹ́ràn ọkùnrin náà tó bí òun ṣe rò. Bóyá gbogbo ọdún táwọn fi jọ gbé, ó kàn mọ́ òun lára ni, bí yàrá ṣe ń mọ́ ènìyàn lára. Ẹni tó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ yóò sunkún, ó ṣe tán, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí pàápàá sunkún.

Ẹ̀gbọ́n ló gbé ọ̀rọ̀ àìsunkún náà síta. Ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n Akunlé obìnrin, ọmọ ìyá kan náà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù bàtà kan tó lókìkí láàárín ìgboro, kì í sì í wo ojú ènìyàn láìtíì wo ẹsẹ̀ onítọ̀hún. Gíga rẹ̀ àti ti àbúrò rẹ̀ dọ́gba, bí wọ́n bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn o ò lè fi orí dá wọn mọ̀. Ohùn rẹ̀ náà sì ga. Lọ́jọ́ kan tó wá kí Afọṣọ, ó jókòó, ó ń wo bó ṣe ń fi ìfarabalẹ̀ bu ṣúgà sínú tíì, ara bá kọ̀ fún un.

"Ìyàwó, mi ò lè gbé e mì mọ́. Látìgbà tá a ti sin ọmọ ìyá mi, mi ò tíì rí omi lójú ẹ. Èmi tí mò ń wò ẹ́ yìí, ẹkún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú. Ṣé òkúta ló wà láyà ẹ ni?"

Afọṣọ gbé tíì náà síwájú rẹ̀.

"Ẹ máà bínú, Ẹ̀gbọ́n."

"Mi ò ní kó o bẹ̀ mí. Mo ní ṣé òkúta ni."

"Mi ò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n." Òótọ́ ló sọ, kò mọ̀ lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n rò pé ó ń fi òun ṣẹlẹ́yà, ó gbé àpò rẹ̀, ó jáde, ó sì fi tíì sílẹ̀ láìmu.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ awò náà, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ní ìpẹ̀kun ìlú, níbi tí odò ti ń wọ òkun, ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ kan wà tó lọ salalu. Bí òkun bá wọlé, omi á bò ó. Bó bá padà, ẹrẹ̀ náà á wà níhòòhò, á máa dán. Ní ìgbà ìrúwé, nígbà tí òtútù bá bẹ̀rẹ̀ sí í dẹwọ́, àwọn ẹyẹ tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ máa ń bà síbẹ̀, wọ́n á sinmi, wọ́n á jẹun yó, wọ́n á tún gbéra lọ síbi tó jìn ju ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ lọ. Akunlé ń kun ilé kan létí òkun lọ́dún kan ló rí wọn láti orí òrùlé. Lọ́jọ́ náà ọ̀rọ̀ ẹyẹ ló gbé wálé, ọ̀rọ̀ ẹyẹ ló fi jẹun, ọ̀rọ̀ ẹyẹ ló fi sùn. Kò pẹ́ ló ra awò àlòkù, kò sì pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ fi ń bá a lọ, nítorí òun náà kò ní ẹlòmíì tí yóò máa bá tàkurọ̀sọ lọ́jọ́ ìsinmi.

Wọn ò mọ orúkọ tó wà nínú ìwé, wọn ò sì wá a. Àwọn ẹyẹ kéékèèké tó máa ń lé omi lọ tí omi tún máa ń lé wọn bọ̀, Asárémálówè ni wọ́n sọ wọ́n. Ọ̀kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa, tí í máa pariwo bí ẹnikẹ́ni bá yọjú, Ìyálé Aláriwo lorúkọ tirẹ̀. Èyí tí Akunlé fẹ́ràn jù ni ẹyẹ gíga kan aláwọ̀ eruku, tí àgógó ẹnu rẹ̀ gùn, tó tẹ̀ kọdọrọ, tó sì mú ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ ńlá. Á gún un bọ ẹrẹ̀, á fà á yọ, á tún gún un bọ̀ ọ́ níwájú díẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Aránṣọ. Ó máa ń pẹ́ kó tó dé, òun nìkan ló sì máa ń dá rìn.

Ìjà kan ṣoṣo ló wà láàárín tọkọtaya yìí létí omi. Akunlé na ẹsẹ̀ awò náà dé ibi gíga tirẹ̀, ó dè é pinpin, ó ní òun ò tún tú u mọ́ láéláé. Inú ọkọ̀ tó fi ń kó àkàbà ló ń gbé e sí bẹ́ẹ̀, lóòró. Ìyàwó rẹ̀ á ní, "Sọ̀ ọ́ kalẹ̀." Òun á ní, "Gòkè wá." "Mo ní kó o sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọ̀gbẹ́ni." "Èmi náà ní kó o gòkè wá." Nígbà tó sú u, ó kan àpótí pákó kan fún un, ó fi ìyókù ọ̀dà ilé oníbàárà rẹ̀ kùn ún ní àwọ̀ ewé, ó sì wọn ìyàwó rẹ̀ mọ́ awò kó tó gé pákó náà, kí ojú rẹ̀ lè bọ́ sójú awò gẹ́lẹ́. Afọṣọ gun orí àpótí náà láti ọdún náà lọ. Kò yéé bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọkùnrin náà ò sì yéé dá a lóhùn pé gòkè wá.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Akunlé ló máa ń wá ẹyẹ, nítorí ojú rẹ̀ mú. Bó bá ti rí i, á sún sí apá ọ̀tún, á fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn kó má baà mi awò náà, á ní, "Ó yá, ìwọ ló kàn." Ìyàwó rẹ̀ á gun àpótí, á wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀ lápá òsì, òun náà á fọwọ́ sẹ́yìn. "Ó yá, ìwọ ló kàn." Ẹnikẹ́ni kì í wò ó pẹ́, kí ẹyẹ má baà fò kí ìkejì tó rí i. Níwájú ènìyàn, pàápàá níwájú Ẹ̀gbọ́n, "ẹ̀yin" ni Afọṣọ ń pe ọkọ rẹ̀. Etí omi nìkan ló ti máa ń jẹ́ "ìwọ".

Ẹ wá rí i, Afọṣọ kò fìgbà kan fi ojú ara rẹ̀ wá ẹyẹ kan rí nínú awò náà. Ọkọ rẹ̀ ló máa ń bá a wá a.

Ẹgbẹ́ olùwo-ẹyẹ kan wà létí omi, Tíṣà sì ni olórí wọn. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọmọ ọwọ́ ń sùn nítòsí. Nígbà ìsìnkú ló ti fi ọ̀wọ̀ béèrè pé, tí kò bá ní ni Afọṣọ lára, ṣé ẹgbẹ́ lè gba awò Akunlé, kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹyẹ wíwò máa lò ó, tí ìgbà ìrúwé bá dé. Afọṣọ ní kí wọ́n máa mú un. Ohùn tó fi ń sọ fáwọn àlejò pé kí wọ́n jókòó ló fi sọ ọ́.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n gbọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè.

"Ohun tọ́mọ ìyá mi fẹ́ràn jù láyé! O ò tiẹ̀ bi ẹnikẹ́ni!"

"Ṣé ẹ fẹ́ gbà á ni, Ẹ̀gbọ́n?"

"Kí ni n ó fi ṣe? Ẹyẹ téèyàn ò ní jẹ, kí ni n ó máa wò lára ẹ̀?" Ó fa èémí gùn. "Ṣùgbọ́n màá bá ẹ lọ. Màá fojú ara mi rí bó o ṣe máa gbé e fún wọn láìwẹ̀yìn."

Bó ṣe di pé àwọn méjèèjì jọ lọ nìyẹn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, nínú mọ́tò Ẹ̀gbọ́n. Awò náà kò fẹ́ gba inú mọ́tò náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ àárín àga méjèèjì wá síwájú, ó ń gbá Ẹ̀gbọ́n ní ìgbúnwọ́ tó bá fẹ́ yí ọwọ́ ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní àbúrò òun náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sínú mọ́tò nígbà ayé rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ni í máa wà lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Afọṣọ ń wo ọ̀nà. Ó fẹ́ sọ nǹkan, ṣùgbọ́n ohun tó wá sí i lẹ́nu kò ju pé iná pupa ti dá mọ́tò dúró níwájú.

Nígbà tí wọ́n dé, Ẹ̀gbọ́n fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì rì. Obìnrin tó ń ta bàtà fún gbogbo ìlú, bàtà awọ aláwọ̀ pupa tó mọ́ kedere ló wọ̀ wá sínú irà.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ẹrẹ̀ ni!"

"Mo sọ fún yín, Ẹ̀gbọ́n."

"O sọ pé etí omi. Etí omi kọ́ lèyí, inú ẹ̀ ni."

Wọ́n gbé awò náà láàárín ara wọn, Ẹ̀gbọ́n di òkè mú, Afọṣọ di ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti tò sórí ilẹ̀ gíga tó dojú kọ ẹrẹ̀, wọ́n wé ara wọn mọ́ aṣọ òtútù, wọ́n ń wo ọ̀kánkán láìsọ̀rọ̀. Òkun ti ń padà wọlé díẹ̀díẹ̀, ó ń lé àwọn ẹyẹ bọ̀ nítòsí. Àkókò tó dára jù nìyẹn, Akunlé kì í jẹ́ kó kọjá. Àwọn ẹyẹ náà pọ̀ lọ súà lórí ẹrẹ̀, gbogbo wọn dojú kọ atẹ́gùn, wọ́n ń jẹun kíkankíkan. Afọṣọ wò wọ́n bó ṣe ń wo aṣọ tó ń yí nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ.

Tíṣà wá pàdé wọn, ó bọ́ fìlà.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Ibi tó máa ń dúró sí rèé, a ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dúró síbẹ̀. Ẹ gbé e kalẹ̀ níbẹ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i fúnra yín kí n tó gbà á lọ́wọ́ yín. Kò sí kánjúkánjú."

"Ẹ ṣeun, sà." Afọṣọ wo awò lókè lọ́hùn-ún. Ìgbà náà ló rántí pé àpótí wà lẹ́yìn mọ́tò. Kò mọ ìgbà tó gbé e síbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kàn gbé e láàárọ̀ ni, bí ọwọ́ ṣe ń gbé kọ́kọ́rọ́. "Mo ń bọ̀, mo fẹ́ lọ mú nǹkan."

Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n, ó lọ, ó gbé àpótí náà mọ́ àyà, ó ń padà bọ̀. Kò ronú nǹkan kan. Ó ń ṣọ́ ibi tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, kò rí awò náà mọ́.

Ó wà níbẹ̀. Ibi gíga rẹ̀ ni kò sí mọ́. Tíṣà tó kúnlẹ̀ sínú koríko ń fi aṣọ nu ọwọ́, ẹ̀mú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti tú àwọn ìdè tó ti le bí irin tó jóná, ó ti ti ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Awò náà dúró báyìí, ó kúrú, ojú rẹ̀ bá ojú Afọṣọ dọ́gba. Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó le díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà. Mo ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún yín. Ẹ ò nílò àpótí mọ́."

Ojú Afọṣọ ṣú. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀, òun pàápàá kò mọ̀ pé ó wà nínú òun.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀? Ta ló rán yín? Ẹ gbé e padà! Ẹ gbé e padà sókè!"

Ẹnikẹ́ni kì í pariwo létí omi yẹn. Ọmọdé tó bá sín lásán, wọ́n á wò ó. Ohùn Afọṣọ lọ já lórí ẹrẹ̀, Ìyálé Aláriwo ló kọ́kọ́ gbéra, ó ń ké, ni gbogbo wọn bá fò lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ọ̀run dúdú fún wọn, wọ́n yí po, wọ́n yà lọ sórí omi. Ẹrẹ̀ náà ṣófo. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ti ń dúró láti ìdájí yí ojú wò ó. Ẹ̀gbọ́n ya ẹnu sílẹ̀. Kò tíì gbọ́ ohùn ìyàwó yìí lókè rí láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máà bínú," ni Tíṣà ń sọ, ó tún mú ẹ̀mú náà. "Mo rò pé yóò rọ̀ yín lọ́rùn ni. Ẹ jẹ́ n dá a padà. Níbo ló wà tẹ́lẹ̀?"

Ó tẹ́tí sí ẹsẹ̀ awò náà bí ẹni pé yóò sọ fún un. Ó wá àmì, ṣùgbọ́n ọ̀dà oríṣiríṣi ló ti ta sí i lára láti òkè délẹ̀, funfun, ewé, pupa, kò sí bó ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ àmì nínú wọn. Ó fa ẹsẹ̀ kan yọ. "Ṣé ibí ni?" Ó tún fà á. "Àbí ibí?"

Afọṣọ kò mọ̀. Ìyẹn ló dẹ́rù bà á. Gíga ọkọ rẹ̀ ti wà nínú yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé látìgbà tó ti kú, òun ń ju aṣọ ìnura sí i lórí, kò sì mọ̀ pé gíga rẹ̀ nìyẹn. Ní báyìí tí wọ́n ti tú u, kò sí ẹnikẹ́ni láyé tó lè sọ ibi tí ojú ọkùnrin náà máa ń wà gan-an. Ẹni tó ti kú lọ́dún yìí tún ń kú níwájú rẹ̀ lórí koríko.

Nígbà náà ló wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó rí àpótí.

Ó gbé e kalẹ̀ síbi tó máa ń wà. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má mì. Ó gun orí rẹ̀, ó na ọrùn bó ṣe máa ń nà án, ó dijú.

"Ẹ máa gbé e bọ̀, sà."

Tíṣà gbé e sókè díẹ̀.

"Sí i."

Ó gbé e sókè sí i.

"Ó kù díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Ẹ dúró."

Rọ́bà tútù ẹnu awò náà fi ara kan egungun ojú rẹ̀, níbi tó máa ń fi ara kàn. Kò ga jù, kò rẹlẹ̀ jù. Tíṣà dè é. Ó rọra padà sẹ́yìn sáàárín àwọn èèyàn rẹ̀.

Afọṣọ la ojú. Kò rí nǹkan kan, àfi ìmọ́lẹ̀ tó dà bí omi ọṣẹ. Ó yí òrùka ara awò náà bó ṣe máa ń rí ọkọ rẹ̀ tó ń yí i. Ẹrẹ̀ yọ síta, ó dán, ó ṣófo. Ó darí awò náà lọ sápá òsì, kò sí nǹkan. Ó darí rẹ̀ bọ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀, ọrùn ń ro ó. Àwọn Asárémálówè kọ́kọ́ padà, wọ́n ń lé omi, omi ń lé wọn. Ó jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ó ṣì ń darí rẹ̀ lọ nígbà tí nǹkan kan aláwọ̀ eruku gba ojú awò kọjá, ó sì fà á padà, ó tún pàdánù rẹ̀, ó tún rí i. Ẹyẹ gíga. Òun nìkan. Ó gún àgógó ẹnu rẹ̀ kọdọrọ bọ ẹrẹ̀ títí dé orí, ó fà á yọ, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó tún gún un bọ̀ ọ́ níwájú.

Inú Afọṣọ dùn. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín, inú rẹ̀ dùn gidigidi, òun ló fi ojú ara rẹ̀ rí i, Aránṣọ fúnra rẹ̀. Ó wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Ó yára sọ̀ kalẹ̀ lápá òsì kí ẹyẹ má baà fò, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Ó yá," ló wí, "ìwọ ló kàn."

Ó dúró. Ó yà díẹ̀ sí i, kí àyè lè gba ẹni gíga. Atẹ́gùn ń fẹ́. Kò sẹ́ni tó ti apá ọ̀tún wá.

Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó yé e. Nígbà tó yé e, ó dùn ún láti àtẹ́lẹsẹ̀ wá sókè, bí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń padà sínú ẹsẹ̀ tó kú, tí ènìyàn ò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí kò sì lè gbé e. Kò kúrò lójú kan. Kò mú ọwọ́ kúrò lẹ́yìn. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ imú wọ ẹnu, kò nù ún, nítorí tó bá mira awò náà á mì.

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ "ìwọ" náà. Ó wo ìyàwó àbúrò rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà pupa méjèèjì, ó fi wọ́n sílẹ̀ sínú koríko láìwo ibi tí wọ́n ṣubú sí, ó sì fẹsẹ̀ lásán rìn nínú ẹrẹ̀ wá sápá ọ̀tún. Kò gun nǹkan kan. Kò bẹ̀rẹ̀, kò nàgà. Ó kàn dúró, ojú rẹ̀ sì bọ́ sójú awò gẹ́lẹ́.

Láti ìsàlẹ̀ níbi tí Afọṣọ wà, ẹ̀yìn ọrùn Akunlé ló ń wò.

"Ìyàwó," ni Ẹ̀gbọ́n sọ, ó rọ ohùn sílẹ̀ bíi ti àwọn tó mọṣẹ́. "Kí ni mò ń wò?"

"Aránṣọ ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó ń gún un bọ̀ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe."

"Òun ló máa ń wò báyìí? Ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi?"

"Òun la máa ń wò."

Èjìká Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò, kò sì fi ọwọ́ kan awò náà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, síbẹ̀ ó ti kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Omi wọlé díẹ̀ sí i. Àwọn ẹyẹ yòókù ń bà padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, Tíṣà rọra sún mọ́ wọn, fìlà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo awò náà, ó wo Afọṣọ.

"Ṣé kí n máa gbé e lọ ni, àbí…?"

Afọṣọ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

"Ẹ máà bínú, sà," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n ṣì ń wò ó."